OMI TÍ Ń PADÀ SẸ́YÌN: ÌKÌLỌ̀ FÚN GBOGBO ILÉ WA NÍ KÁNÒ

  Ìbá wù wá kí á fi ojú ìwé yìí kí ara wa kú oríire nìkan, kí á ka orúkọ àwọn tó ṣe ìgbéyàwó àti àwọn tó jáde ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Kòkòrò tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, inú omi ló wà, ẹnu ẹ̀rọ inú ilé wa ló sì ń gbà wọlé.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí a ń gbé, ní Sabon Gari àti káàkiri ìgboro, omi méjì ló ń wọlé. Omi Water Board ni èkíní, èyí tó ń ti Challawa àti Tamburawa wá. Omi borehole ni èkejì, èyí tí lánlọ́ọ̀dù gbẹ́ nígbà tó rí i pé omi ìjọba kì í yọ lójoojúmọ́. Páìpù kan náà ni wọ́n sábà máa ń so àwọn méjèèjì mọ́, kí ẹnu ẹ̀rọ má baà gbẹ. Níbi tí wọ́n ti pàdé, ohun kékeré kan wà, tí kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, tó yẹ kó dúró bí mègádì lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn púlọ́mbà ń pè é ní non-return. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kó jẹ́ kí omi kọjá síwájú, kó má sì jẹ́ kó padà sẹ́yìn.

Ohun tí a wá sọ rèé, a kò sì ní fi bọpo-bọyọ̀ sọ ọ́. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ omi, tó ṣe ìdánwò rẹ̀, tó sì ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, òun nìkan ló yẹ kí á máa jẹ́ kó fi non-return sí ilé wa, kó máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, kó sì máa tún un ṣe. Ẹni tí a bá ṣáà ti rí lójú títì pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́ kò tó sí i. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

BÍ OMI ṢE Ń PADÀ

Omi kò ní ojú, kò sì ní ọkàn. Ibi tí agbára tó ń tì í bá ti pọ̀ ló ti ń sá lọ síbi tí agbára ti kéré. Nígbà tí omi ìjọba bá ń yọ dáadáa, láti ìta ló ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n bí agbára ìta bá lọ sílẹ̀, omi tó ti wọlé lè yí padà, kó gba inú páìpù kan náà jáde, kó sì kó ohunkóhun tó bá pàdé lọ́nà dání. Ọ̀nà méjì ni èyí máa ń gbà ṣẹlẹ̀.

Èkíní ni fífà. Ẹ wo bí ọmọdé ṣe ń fi sítírọ́ọ̀ fa zobo. Bí Water Board bá ti omi pa, tí páìpù inú ilẹ̀ sì ń gbẹ, inú rẹ̀ a máa fà bíi sítírọ́ọ̀ yẹn. Èyí tó tún wá burú ni ti àwọn tó gbé pọ́ǹpù lé páìpù ìjọba tààrà, tí wọ́n ń fi iná mọ̀nàmọ́ná fa ìwọ̀nba omi tó kù níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ ibi tí púpọ̀ nínú àwọn páìpù wọ̀nyẹn gbà: inú gọ́tà ni. Bí ojú kan bá ti sán lára rẹ̀, omi gọ́tà ni pọ́ǹpù yóò fà. Bí aládùúgbò bá sì ti ki róbà omi bọ inú bàsíà aṣọ tó fi ọṣẹ àti Izal rẹ, omi aṣọ náà yóò gba inú róbà lọ sínú páìpù. Nígbà tí omi bá tún yọ lọ́jọ́ kejì, ohun tó wọlé yẹn ló máa kọ́kọ́ jáde sínú kẹ́tù tíì wa.

Èkejì ni títì. Omi tó wà nínú táńkì orí òpó kò dúró lásán. Ó ń tì. Bí táńkì bá ga tó mítà 10, agbára tí omi inú rẹ̀ fi ń tì tó bar kan. Lọ́jọ́ tí omi ìjọba kò bá ní agbára tó bẹ́ẹ̀, omi táńkì wa ni yóò borí. Yóò gba ẹnu ọ̀nà ilé wa jáde lọ sínú páìpù ìta. Bí borehole náà bá wà nítòsí sókàwéè, tàbí tí aláǹgbá ti kú sínú táńkì, a ti fi tiwa kún ti gbogbo àdúgbò nìyẹn. Ilé Haúsá tó wà lẹ́yìn wa, ilé Ìgbò tó wà lápá ọ̀tún, gbogbo wọn ni yóò mu nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ronú sí èyí dáadáa. Láti 1911 tí reluwé ti dé Kánò ni àwọn ènìyàn wa ti ń bá a wá síhìn-ín, tí ìlú yìí sì gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀. Àlejò tó ń bu omi mu nínú ìkòkò onílé, tó sì tún ń da ìdọ̀tí padà sínú ìkòkò náà, orúkọ wo ni a ó pè é? Bí a bá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má fi ojú àjèjì wò wá, ẹ jẹ́ kí omi tó ń ti ilé wa jáde jẹ́rìí sí i pé ará ilé ni wá lóòótọ́.

Non-return ló ń dí ọ̀nà méjèèjì. Nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn kékeré kan wà. Àwọn mìíràn ní sípíríǹgì àti róbà. Omi tó ń lọ síwájú a ṣí i, omi tó bá fẹ́ padà a pa á dé. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ni. Róbà a máa gan, a máa ya. Sípíríǹgì a máa dẹ̀. Iyanrìn borehole a máa há sẹ́nu ilẹ̀kùn náà, kò sì ní lè pa dé tán mọ́. Ìgbà tó bá bàjẹ́, kò ní pariwo. Omi á ṣì máa yọ bó ṣe ń yọ tẹ́lẹ̀. Láti ìta, èyí tó dára àti èyí tó ti bàjẹ́ kò yàtọ̀ síra lójú. Ìdí nìyí tí kì í fi í ṣe ohun tí a ń wò lókèèrè. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló gbọdọ̀ tú u, kó yẹ inú rẹ̀ wò, kó sì dán an wò.

OHUN TÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ÀWỌN ILÉ

Àwọn púlọ́mbà kan wà tó jẹ́ pé nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń ṣe, bí ayálégbé bá ti ń kùn pé omi kò sáré, ni kí wọ́n yọ non-return kúrò, tàbí kí wọ́n tú u, kí wọ́n gé ilẹ̀kùn inú rẹ̀ dànù, kí wọ́n sì dá ìkarahun rẹ̀ padà síbẹ̀. Omi á sáré lóòótọ́. Gbogbo ilé á dúpẹ́, wọ́n á fún un lówó ọtí. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé mègádì ló lé lọ, tó sì ṣí géètì sílẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi í síbẹ̀ ní òdìkejì, nítorí wọn kò mọ ohun tí àmì ọfà tó wà lára rẹ̀ ń sọ. Bí omi kò bá wá kọjá mọ́, wọ́n á ní ọjà ayédèrú ni, wọ́n á sì sọ ọ́ nù. Àwọn kan tún ń fi èyí tó ní ilẹ̀kùn aláfìsẹ́yìn síbi tí omi ti ń sọ̀ kalẹ̀, níbi tí ilẹ̀kùn náà kò ti lè pa ara rẹ̀ dé láéláé.

Ilé kan wà tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n yọ non-return kúrò nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, omi sì ń ya bí odò. Nígbà tí òjò dé, tí gọ́tà kún, ọmọ mẹ́ta nínú yàrá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dùbúlẹ̀ àìsàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Dókítà ní táífọ́ọ̀dù ni. Dípò kí wọ́n wo páìpù, ara wọn ni wọ́n ń wò. Ìyàwó kan ní ojú tí ìyálé òun fi ń wo ọmọ òun kò dára. Ẹlòmíràn ní láti abúlé ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n ṣe ìṣọ́ òru, wọ́n ṣe sàárà. Àdúrà dára, a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀tá tí a ń lé kiri nínú òkùnkùn, abẹ́ ẹnu ẹ̀rọ ló jókòó sí, tí a sì ń bu omi lọ́dọ̀ rẹ̀ láràárọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ni ọ̀pọ̀ máa ń fi bojú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á bá ara wa sọ òótọ́. Iye tí a fi ń ra aṣọ ẹbí ẹyọ kan ju iye non-return tí ilé kan nílò lọ. Àwọn onílé kan nínú àwọn ènìyàn wa ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámábù sí Ògbómọ̀ṣọ́, sí Ọ̀fà, sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ilé tí àwọn àti ayálégbé wọn ń gbé ní Kánò, páìpù inú rẹ̀ ti dípẹtà láti ọdún gbọọrọ. Bí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bẹ́ẹ̀ ni, òwe àwọn bàbá wa ni. Ṣùgbọ́n ìgbà ọdún àti ìgbà òkú nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ń sùn nínú ilé tí a kọ́ sílé. Omi Kánò ni à ń mu lójoojúmọ́. Omi Kánò ni à ń fi po ògì ọmọ. Ikùn àwọn ọmọ wa kò lè dúró dìgbà tí a bá fẹ̀yìntì kó tó mu omi tó mọ́.

KÌ Í ṢE ÌLÚ WA NÌKAN

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ òṣì ni èyí, tàbí pé àwọn tó ní omi ẹ̀rọ dáadáa kò mọ irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ojú wọn ti rí i kí tiwa tó rí i.

Ní 1933, nígbà tí ìpàtẹ àgbáyé ń lọ lọ́wọ́ ní Chicago ní Amẹ́ríkà, ìgbẹ́ ọ̀rìn bẹ́ láàárín àwọn tó dé sí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá méjì tó wà nítòsí ara wọn. Páìpù ìdọ̀tí àti páìpù omi mímu ló ti bá ara wọn tan. Àwọn àlejò ti padà sí ìlú wọn káàkiri kí àìsàn náà tó hàn lára wọn, ìdí sì nìyẹn tí a kò fi tètè mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí 1,400 ènìyàn ló mú, ó sì pa 98. Hòtẹ́ẹ̀lì olówó ni o, kì í ṣe ilé àwọn mẹ̀kúnnù.

Ní 1969, ní ìlú Worcester ní Massachusetts, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti ilé ẹ̀kọ́ gíga Holy Cross mu omi ní pápá ìgbáradì wọn. Ilé kan jó ládùúgbò. Bí àwọn panápaná ṣe ń fa omi láti fi pa iná náà ni agbára omi lọ sílẹ̀ nínú páìpù. Omi ìdọ̀tí tó dúró sínú àwọn kòtò kéékèèké tí ẹ̀rọ tí ń wọ́n omi sí koríko wà, níbi tí àwọn ọmọdé tó ní àrùn ẹ̀dọ̀ ti ṣeré, ni páìpù fà wọlé. Nínú ènìyàn 97 tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ náà, 90 ni àrùn ẹ̀dọ̀ náà wọ̀ lára. Lẹ́yìn ìdíje méjì péré, wọ́n fagi lé gbogbo ìdíje tó kù lọ́dún náà. Àwọn géńdé tó ń ti ara wọn ṣubú bíi màlúù, omi tó padà sẹ́yìn ló dá wọn dùbúlẹ̀.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ náà tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Nokia ní orílẹ̀-èdè Finland. Ní oṣù kọkànlá 2007, wọ́n ṣí fáàfù kan tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣí ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí ìlú. Omi náà wọ inú páìpù omi mímu, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ṣàìsàn. Fáàfù ẹyọ kan ni.

Ìrírí bí irú èyí ló jẹ́ kí àwọn ìlú yẹn ṣòfin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin omi tí wọ́n ṣe ní 1999 pín omi sí ìpele márùn-ún gẹ́gẹ́ bí ewu tó wà nínú rẹ̀, ó sì sọ irú ìdènà tó yẹ fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Èyí tó lágbára nínú àwọn ìdènà náà, tí wọ́n ń pè ní RPZ, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí ló gbọdọ̀ máa dán an wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston, ẹ bi í bóyá lánlọ́ọ̀dù rẹ̀ lè pe ẹni tó ń kọjá lọ láti wá ṣe é.

Nílé tiwa ńkọ́? Ní 2021, gẹ́gẹ́ bí NCDC ṣe kéde, àwọn tí a fura sí pé àrùn onígbáméjì mú ní Nàìjíríà lé ní 111,000, àwọn tó sì kú jẹ́ 3,604. Bauchi, Jigawa, Kánò àti Zamfara wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó fara gbá a jù. A kò sọ pé non-return tó bàjẹ́ ló fa gbogbo rẹ̀. Ìyàgbẹ́ síta, kànga tí kò ní ìdérí, gọ́tà tó kún, gbogbo wọn ló lọ́wọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àrùn tó ń gba inú omi rìn ni. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ló wà tí ìjọba nìkan lè tì. Èyí tí àwa fúnra wa lè tì nínú ilé wa, kí ló dé tí a fi í sílẹ̀ gbayawu?

ÀWÁWÍ TÍ A TI GBỌ́

Àwọn kan ní: "Àwọn bàbá wa mu omi kànga àti omi odò, wọn kò kú." Wọ́n kú o. Àwọn tó kú kò sí níbí láti sọ ọ́ ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kànga bàbá wa dá dúró. Kò sí páìpù tó so ó mọ́ bàsíà aṣọ ilé kẹta.

Àwọn mìíràn ní: "Iṣẹ́ Water Board ni." Páìpù tó wà ní ìta ni ti Water Board. Láti ibi tó ti wọ ọgbà wa, tiwa ni. Borehole tí a fọwọ́ ara wa so mọ́ ọn, kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá wa so ó.

Àwọn ayálégbé ní: "A kì í ṣe onílé." Ṣé onílé nìkan ló ń mu omi ni? Bí gbogbo ayálégbé bá jọ lọ bá lánlọ́ọ̀dù pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tí wọ́n sì gbà láti dá díẹ̀ sí i, ṣàṣà ni lánlọ́ọ̀dù tí yóò kọ̀.

Èyí tó le jù ni ti àwọn tó ní: "Ọmọ wa ni púlọ́mbà wa, ẹ jẹ́ kó jẹun." A fẹ́ràn kí ọmọ wa jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ á rán an lọ kọ́ iṣẹ́ dé òpin. A kì í tìtorí pé ọmọ wa ni kí á ní kó gún wa ní abẹ́rẹ́ nígbà tí kò kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn tó sì ti ṣòfò ọdún mélòó kan lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n sì ní ìwé ẹ̀rí, àwọn náà jẹ́ ọmọ ènìyàn. Ìjẹ àìtọ́ ni bí a bá ń fi iye owó ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ná tiwọn.

TA NI KÍ Á PÈ?

Ní Nàìjíríà, ìwé ẹ̀rí tó ṣeé béèrè fún wà. Èkíní ni Trade Test ti Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́. Èkejì ni ti NABTEB, ìgbìmọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992 tó ń ṣe ìdánwò fún iṣẹ́ púlọ́mbà àti títo páìpù. Ẹ̀kẹta ni ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ NSQ tí NBTE ń bójú tó. Ẹ ní kó mú un wá, kí ẹ sì fojú ara yín rí i. Oníṣẹ́ tòótọ́ kò ní bínú. Ẹni tó bá bínú ti dáhùn ìbéèrè náà.

Bó bá dé, ohun tó yẹ kí ẹ rí lọ́wọ́ rẹ̀ nìwọ̀nyí:

1. Kó tẹ̀lé gbogbo páìpù láti ẹnu ọ̀nà dé táńkì, dé borehole, dé ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀, kó sì fi ibi tí omi méjì ti pàdé hàn yín.

2. Kó wo ọfà ara non-return bóyá ọ̀nà tó tọ́ ló kọjú sí, kó sì wo bóyá irú tó yẹ ibẹ̀ ni. Ilé lásán kò rí bí ilé ìwòsàn, ilé ìfọṣọ tàbí ilé iṣẹ́ awọ. Níbi tí kẹ́míkà tàbí ẹ̀jẹ̀ bá wà, non-return lásán kò tó. Irú èyí tó ní ilẹ̀kùn méjì àti ojú tí omi ń gbà sá jáde ni wọ́n nílò, géèjì ni wọ́n sì fi ń dán an wò.

3. Kó ti omi pa, kó tú u, kó fọ̀ ọ́, kó pààrọ̀ róbà tàbí sípíríǹgì tó ti dẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó dán an wò níwájú yín: kí omi máa tì láti ẹ̀yìn, kí iwájú ṣófo, kí ẹ sì rí i pé ẹ̀kán kan kò kán.

4. Níbi tó bá ṣeé ṣe, kó tú omi ìjọba kúrò lára páìpù borehole pátápátá, kó jẹ́ kó máa dà sínú táńkì láti òkè. Kí ẹnu páìpù náà ga ju etí táńkì lọ ní ìlọ́po méjì fífẹ̀ páìpù, ó kéré tán. Omi kò lè fo afẹ́fẹ́ padà. Kò sí ìdènà tó dájú tó èyí, kò sì wọ́n.

5. Kó kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, orúkọ rẹ̀, ohun tó bá níbẹ̀, ohun tó pààrọ̀, àti ọjọ́ tí yóò padà wá. Iṣẹ́ tí a kò kọ sílẹ̀, àríyànjiyàn ni yóò dà lọ́dún tó ń bọ̀.

Bí ó bá ṣe tán, ẹ gbé omi náà lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ìlànà omi mímu ti orílẹ̀-èdè wa, NIS 554, tí wọ́n gbé jáde ní 2007, sọ pé kò gbọdọ̀ sí kòkòrò E. coli ẹyọ kan nínú mílílítà 100. Kì í ṣe díẹ̀, rárá ni.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ ẸGBẸ́

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí náà, a ń ké sí àwọn olóyè ẹgbẹ́ wa, a sì fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí sórí ètò ìpàdé tó ń bọ̀.

Àkọ́kọ́, kí a bẹ̀rẹ̀ láti gbọ̀ngàn wa. Omi gbọ̀ngàn ni à ń fi se jọ̀lọ́ọ̀fù fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn nígbà ìkómọjáde àti ìsìnkú. Kí oníṣẹ́ tó ní ìwé ẹ̀rí yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì lẹ ìwé tó kọ mọ́ ara pátákó ìkéde, kí gbogbo ènìyàn kà á.

Èkejì, kí akọ̀wé ṣe àkójọ orúkọ àwọn oníṣẹ́ omi tó ní ìwé ẹ̀rí, ì báà ṣe Yorùbá, Haúsá, Ìgbò tàbí Núpé. Omi kò mọ ẹ̀yà.

Ẹ̀kẹta, kí á yọ díẹ̀ nínú owó àjọ̀dún láti rán àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ṣe púlọ́mbà lọ ṣe Trade Test. Èyí ni ìrànlọ́wọ́ gidi. Ẹni tí a fún ní owó oúnjẹ á tún padà wá lọ́la. Ẹni tí a fún ní ìwé ẹ̀rí á máa fún ẹlòmíràn níṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, kí gbogbo onílé tó wà nínú ẹgbẹ́ parí àyẹ̀wò tirẹ̀ kí oṣù karùn-ún tó tán lọ́dọọdún, kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kí ẹni tó bá sì gbé pọ́ǹpù lé páìpù ìjọba tààrà yọ ọ́ kúrò, kó kọ́kọ́ jẹ́ kí omi dà sínú táńkì ilẹ̀, kó tó fà á gòkè láti ibẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ yìí ti le jù fún ìwé àjọ̀dún. Ẹ má bínú. Ọdún tí a ń ṣe, àwọn tó wà láàyè ló ń ṣe é. A kò fẹ́ kí ìwé tọdún tó ń bọ̀ ní ojú ìwé ìrántí ọmọ tí omi inú ilé bàbá rẹ̀ pa. Non-return tí a ń wí yìí kéré, owó rẹ̀ kò pọ̀, ìwé ẹ̀rí tí a ní kí ẹ béèrè fún kò ju bébà kan lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kò kéré.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí Elédùmarè jẹ́ kí omi tí a ń mu máa bá wa lára mu, kí a má fi omi ṣòfò ọmọ, kí ọdún tó ń bọ̀ bá gbogbo wa ní àlàáfíà, nílé àti ní àjò. Àṣẹ.